Ilẹ̀ Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dára jù láti fi ẹsẹ̀ rin Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, alábàárù ń pariwo àgò lọ́nà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń wá ibi tí yóò gbà, ọlọ́jà ti pàtẹ dí ojú títì. Ẹni tó bá gbójú sókè wo ilé, wọ́n á ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ Àìkú, ìsọ̀ wà ní títì, ènìyàn sì lè dúró níwájú ilé kó wò ó tẹ́rùn. Kò dìgbà tí ẹ bá sanwó fún ẹni tí yóò mú yín rìn. Láti Ìga Ìdúngánràn dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹ lè rìn ín tán kí oòrùn ọ̀sán tó mú. Ẹ wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, ẹ mú omi dání, kí ẹ sì kí àwọn àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn, nítorí púpọ̀ nínú ìtàn yìí, ẹnu wọn ló kù sí.

Ẹni tó bá tẹ̀lé àkọlé nìkan, Èkó àwọn alágbára ni yóò rí. Àwọn gómìnà Gẹ̀ẹ́sì bíi Glover àti Moloney ní òpópónà tiwọn. Ọba ní òpópónà, olóyè náà ní. Ṣùgbọ́n kò sí àkọlé tó sọ pé láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún péré, wọ́n pa ìlú inú erékùṣù yìí rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iná ìbọn àgbá jó o ní 1851. Lẹ́yìn tí àrùn eku wọ̀lú ní 1924, ìjọba wó apá kan rẹ̀. Láti 1955, bí òmìnira ti ń sún mọ́lé, ìjọba tún wó apá mìíràn. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tó ṣe é ní ire àwọn ará ibẹ̀ làwọn ń wá. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò padà síbi tí wọ́n ti lé wọn.

Ìga Ìdúngánràn

Ní Ìga Ìdúngánràn, ààfin ọba Èkó, ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó di pé òyìnbó yìnbọn sí Èkó, ikú òjijì kan ti ṣẹlẹ̀ nínú ààfin yìí tó ṣí ọ̀nà fún ogun láàárín ẹbí ọba. Ọba Olúwolé ló wà lórí oyè ní 1841. Ẹ̀tù ìbọn wà ní ìkójọ nínú ààfin, bí ó ti rí láàfin ọba tí ogun kì í jìnnà sí. Àrá sán, iná ràn mọ́ ẹ̀tù, ilé bú gbàmù. Ìtàn Èkó sọ pé òkú ọba fọ́ yángá, ìlẹ̀kẹ̀ oyè tó wà lára rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Olúwolé àti ìbátan rẹ̀, Kòsọ́kọ́, ti ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀. Olúwolé ti lé Ọ̀pọ̀ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, kúrò nílùú lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Kòsọ́kọ́ gbé ìjà, ìyẹn Ogun Ewé Kókó, kò borí, ó sì sá lọ sí Wídà ní ilẹ̀ Dàhòmì. Nígbà tí Olúwolé kú, àwọn olóyè fi Akítóyè jọba. Akítóyè jẹ́ àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́, ó sì fẹ́ kí ilé tòrò. Ó ránṣẹ́ pe Kòsọ́kọ́ padà, ó sì fi í joyè Ọlọ́jà Èrékò. Elétù Òdìbò, olórí àwọn afọbajẹ, kìlọ̀ fún un pé iná ló ń gbé sórí òrùlé. Ọba kò gbọ́.

Ní 1845, ogun bẹ́ láàárín ìlú. Ogun Olómìró ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ará ilé ń pa ará ilé nínú àwọn ọ̀nà tóóró tí ẹ ń rìn yìí. Kòsọ́kọ́ ló ṣẹ́gun. Akítóyè gba odò Àgbòyí sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Àgbádárìgì. Ikú tí wọ́n fi pa Elétù Òdìbò burú débi pé àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ ọ́ tán: inú agbá epo ni wọ́n tì í sí, wọ́n kan agbá náà pa, wọ́n tiná bọ̀ ọ́, wọ́n sì yí i sínú ọ̀sà.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún ohun tó kàn. Bí kò bá sí ọba tí wọ́n lé, tó jókòó sí Àgbádárìgì tó ń wá olùrànlọ́wọ́, òyìnbó ì bá máà rí orúkọ ẹni tí yóò fi jagun.

Etí ọ̀sà ní ìwọ̀-oòrùn

Láti ààfin, ẹ yà sí apá Ẹ̀bùtè Èrò. Ọkọ̀, afárá Carter àti ìsọ̀ ti gba etí omi lónìí. Ní 1851, odi tí Kòsọ́kọ́ àti olórí ogun rẹ̀, Òṣòdì Tápà, fi igi àti yẹ̀pẹ̀ mọ ló wà káàkiri etí omi yìí, àgbá sì jókòó lẹ́yìn odi náà tí wọ́n kọjú sí ọ̀sà.

Lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Èkó ni ojúkò òwò ẹrú létí òkun wa nígbà náà, Kòsọ́kọ́ kò sì fẹ́ fòpin sí i. Akítóyè ti ṣèlérí fún wọn pé bí wọ́n bá gbé òun padà sórí oyè, òwò náà yóò dópin. Ní ọdún yẹn kan náà, Àjàyí Crowther, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bá Palmerston tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, ó sì rí Ọbabìnrin Victoria. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ òwò ẹrú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni wọ́n ti gba ọ̀sà yìí kó lọ sí Brazil àti Cuba. Ṣùgbọ́n epo pupa náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá di Èkó mú, òun ló di ẹnu ọ̀nà ọjà gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mú.

John Beecroft, kọ́ńsúlù Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ gbìyànjú ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá. Àwọn ará Èkó lé wọn padà. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n tún dé pẹ̀lú agbára tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer wọ inú ọ̀sà. Ilẹ̀ iyanrìn gbé Teazer, àwọn ọmọ ogun Èkó sì jà débi tí òyìnbó kò retí. Ní ọjọ́ kejì, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí ibi tí ẹ̀tù wà. Ó bú, iná sì mú ilé. Ilé tí wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀, tó fara kan ara wọn láti agboolé dé agboolé, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ọyẹ́ ń fẹ́. Apá ńlá nínú ìlú jóná. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ọkọ̀ lóru, wọ́n gba ọ̀sà lọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ̀dó sí níkẹyìn.

Àwọn ará Èkó sọ ogun náà ní Àgídìngbì àti Ahóyaya, nítorí ìró àgbá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka òkú àti ọgbẹ́ tiwọn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Òkú ará Èkó, wọn kò kà á. Ìyá arúgbó tí kò lè sá, ọmọdé tí òrùlé wó lù, ẹrú tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n ní torí òmìnira rẹ̀ làwọn ṣe wá: kò sí ẹni tó kọ iye wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó gbé e padà. Kò lò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ mọ́. Oṣù Kẹsàn-án 1853 ló wàjà.

Iná ọdún 1851 kò jó tán lọ́jọ́ yẹn. Ní oṣù Kẹjọ 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún gbé ọkọ̀ ogun Prometheus wá síwájú ìlú, wọ́n ní kí Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fi Èkó sílẹ̀ fún Ọbabìnrin Victoria. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú kò nílò àlàyé. Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 6 oṣù náà. Wọn kò yin ìbọn kan ṣoṣo pa ènìyàn lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí wọ́n ti yìn tẹ́lẹ̀ ti tó.

Oko Awo

Ẹ gba Ìdúmàgbò padà wọ àárín ìlú, kí ẹ sì ṣọ́ ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀. Lẹ́yìn ààfin, ọ̀nà ń lọ́, ó ń pín, ó ń bọ́ sínú agboolé. Nígbà tí ẹ bá dé Oko Awo, òpópónà na gbọọrọ, igun rẹ̀ sì dọ́gba. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọwọ́ àwọn baba ńlá wa. Ẹ̀rí àjàkálẹ̀ àrùn ni.

Ní 1924, àrùn eku wọ Èkó. Eku ló ń gbé e kiri, eégbọn ara eku ló sì ń gbé e bọ́ sára ènìyàn. Ìlú èbúté tí ọkọ̀ òkun ń wọ̀ tó ń jáde kò lè ṣàìmọ̀ ọ́n. Ibà a mú ènìyàn, ọmọ ọ̀fun tàbí ti abẹ́ ìtan a wú, a sì pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò lọ bọ̀rọ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan ló ń lọ tó ń bọ̀. Wọléwọlé bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé kiri. Wọ́n ń tú ẹrù, wọ́n ń yẹ abẹ́ ibùsùn àti àká oúnjẹ wò, wọ́n sì ń kó aláìsàn lọ síbi tí ará ilé kò lè dé. Ẹ̀rù wọléwọlé ba ọ̀pọ̀ ju ẹ̀rù àrùn lọ, débi pé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá a fi pa mọ́.

Ìjọba wò ó pé ilé tó fún mọ́ra ló fa àrùn, wọn kò béèrè ìdí tí ilé fi fún mọ́ra. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlú, ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti oníṣòwò òyìnbó ló gba Màrínà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Owó tó yẹ kí wọ́n fi la gọ́tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibòmíràn ni wọ́n ná an sí. Ní 1928, wọ́n dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú Èkó sílẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú mọ̀ sí LEDB, wọ́n sì fún un lágbára láti gba ilẹ̀ àti láti wólé. Oko Awo wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ wó. Ilẹ̀ tuntun tí wọ́n là fún àwọn tó fẹ́ kó jáde, Yàbá ni, ní òdìkejì ọ̀sà.

Ẹ rántí pé Yorùbá kì í sin àgbà sínú igbó. Inú ilé ni bàbá ń sùn sí, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa tẹ ilẹ̀ orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Òfin ìjọba ti ń lòdì sí àṣà yìí tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ti wà nísàlẹ̀ wà ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wó ilé tí wọ́n sì la títì gba ibẹ̀ kọjá, orí baba onílé ni títì náà gbà. Ẹni tó ń ka owó gbà-máà-bínú kò ní ibi tí yóò kọ ìyẹn sí.

Láti Ìdúmọ̀tà dé Ìta Tinúubú

Ẹ máa bọ̀ ní òpópónà Nnamdi Azikiwe títí dé Ìta Tinúubú. Ọ̀tún àti òsì yín, láti Balógun lọ, ni ibi tí ìwólé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti ṣẹlẹ̀.

Òmìnira ń bọ̀ nígbà náà. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ fẹ́ kí olú ìlú Nàìjíríà ní ojú tó ṣeé fi han àlejò. Wọ́n ní àárín Èkó jẹ́ àdúgbò ẹgbin. Ní 1955, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí LEDB wó bí éékà 70 láàárín erékùṣù, kí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti wà nínú ìjọba lọ́tẹ̀ yìí, nítorí náà ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Onílé tako o, ẹ̀rọ katakátá sì dé.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wá ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tó ṣì ń dúró de ọjọ́ tiwọn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí kò ya ará Èkó lẹ́nu. Ilé Sùúrùlérè ní omi àti ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára, yàrá rẹ̀ sì gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta aṣọ tàbí ata níwájú ilé ní Èkó, ẹsẹ̀ èrò ló ń jẹ. Ní Sùúrùlérè, èrò kò kọjá níwájú rẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ pàdánù oníbàárà. Owó ọkọ̀ wọ́n lójoojúmọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lérékùṣù, owó ilé sì ń dúró dè é lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ní agboolé, kò sanwó ilé rí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹbí fọ́n ká. Ọmọ tó ń yọjú sí ìyá rẹ̀ láràárọ̀ di ẹni tó ń yọjú lóṣooṣù. Arúgbó tí ọwọ́ ọmọ àti ọmọ ọmọ ń bọ́ láti yàrá kan sí èkejì wá di ẹni tí ń dá jẹun. Owó ilé ni wọ́n san. Kò sí owó fún oníbàárà tó sọnù, tàbí fún ìyá tí ojú ń ro.

Nígbà tí òmìnira fi dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ibi tí wọ́n ti lé ènìyàn nítorí ojú àlejò ṣì wà ní ìdajì: apá kan ní àwókù, apá kan kò ní ilé kankan.

Ìta Tinúubú fúnra rẹ̀, ẹ dúró wò ó. Orúkọ Ẹfúnpọ̀róyè Tinúubú ló ń jẹ́, obìnrin oníṣòwò tó lágbára débi pé kọ́ńsúlù Campbell kò sinmi títí wọ́n fi lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ó ta ẹrú, ìyẹn náà kò ṣeé fi pa mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ìta yìí ni ilé Ìlọ́jọ̀ Bar wà rí, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, nígbà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn ń padà bọ̀ sílé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́. Ní 1956, nígbà tí wọ́n ń wó ilé káàkiri àdúgbò, ìjọba kéde ilé yìí ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n wó o.

Ẹ̀wọ̀n, lẹ́yìn náà Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ní Broad Street, ẹ ó kan Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fi Herbert Macaulay sí, ibẹ̀ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wà nígbà ìgbẹ́jọ́ rẹ̀. Wọ́n wó o ní 1979, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Àwọn tó tún un ṣe kò pa ẹ̀wọ̀n náà rẹ́ pátápátá. Wọ́n fi ojú àmì yàrá ẹlẹ́wọ̀n hàn, wọ́n sì fi ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn hàn. Ní Tafawa Balewa Square tí kò jìnnà, ohun ìrántí wà fún àwọn tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì àti ogun abẹ́lé. Nítorí náà, Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń rántí òkú. Kì í ṣe àìmọ̀ ló fà á tí òkú 1851 kò fi ní àmì.

Ẹ wá parí rẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1862, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà kí Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì Tápà padà láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n fún Òṣòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilẹ̀ síbí, wọ́n sì pín in sí agboolé 21. Àwọn tí ìbọn àgbá lé jáde ní 1851 tún ní ilé l'Ékòó. Wọ́n mú un dáni. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ dé lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ dé Ìgbìmọ̀ Àdájọ́ Àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí, M.K.O. Abíọ́lá dúró láàárín èrò, ó sì kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ tí ìlú dìbò yàn.

Kí ló mú kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ lè padà? Wọ́n jùmọ̀ lọ, wọ́n sì jùmọ̀ bọ̀. Olórí wọn wà láàyè, ìjọba ń bẹ̀rù rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn sì ní ààlà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Yàbá àti Sùúrùlérè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lọ, pẹ̀lú ìwé owó ilé lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bákan náà ló rí ní Màrókò, àdúgbò mìíràn l'Ékòó, ní oṣù Keje 1990. Gómìnà ológun, Raji Rasaki, fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje, wọ́n sì wó ilé lórí ènìyàn bí 300,000. Wọ́n ní omi yóò bò wọ́n mọ́lẹ̀, pé ire wọn ni. Lónìí, ilé olówó ló wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ní omi yóò bò yẹn.

Bí a bá fẹ́ fi àmì sí ibi mẹ́ta péré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, etí omi Ẹ̀bùtè Èrò, Oko Awo àti Ìta Tinúubú ló yẹ kí wọ́n wà. Kí a kọ ọdún sí i, kí a kọ ohun tí wọ́n ní torí rẹ̀ làwọn ṣe é, kí a sì kọ orúkọ àwọn agboolé tó wà ńbẹ̀ kí wọ́n tó wó o. Àwọn orúkọ náà kò tíì sọnù. Àwọn àgbà tí ẹ kí lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ mọ ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá wọn, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n kó lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ wólé lọ́la torí ire onílé, ìwé tí ẹ kọ yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: nínú àwọn tí wọ́n lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta yìí, èwo ni wọ́n dá padà?